Ilé Ẹ̀kọ́ Tí Àwọn Òbí Kò Rí

Ní ìlú kan tí òkè yí ká, ọkùnrin kan wà tí ó jẹ́ olùkọ́ àgbà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití. Iṣẹ́ náà yé e, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Wọn a mú ọmọ wá fún un tí kò mọ orúkọ ara rẹ̀, tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ń jẹ́ orúkọ. Kì í pẹ́ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò fi máa fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ wàràwàrà bí ẹni ń ta ayò. Àwọn tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde wà káàkiri. Òmíràn ń ránṣọ, òmíràn ń ya àwòrán ilé, òmíràn sì ti padà wá di olùkọ́ lábẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ náà ń ṣófo lọ. Àwọn tó ń jáde pọ̀ ju àwọn tó ń wọlé. Kì í ṣe pé adití tán nílẹ̀. Láti abúlé kan sí èkejì ni ọmọ wà tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tí ń wo ẹnu àwọn ẹlòmíràn bí ó ti ń ṣí tí ó ń pa dé. Àwọn òbí wọn ni kò mọ̀ pé irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wà.

Ní ọjọ́ kan, alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ náà wá bá a. Wọ́n fún un ní àga, kò jókòó.

"Olùkọ́ àgbà, ẹ kú iṣẹ́. A kò lè máa fi ilé ńlá báyìí pamọ́ fún ìwọ̀nba ọmọ. Bí sáà tuntun bá wọlé tí kíláàsì àwọn ọmọ tuntun kò kún, a máa ti ibí yìí pa."

"Àwọn ọmọ tó wà nílẹ̀ ńkọ́, sà?"

"Wọ́n á padà sọ́dọ̀ òbí wọn."

"Òbí wọn kò gbọ́ èdè ọwọ́, sà. Ta ni wọ́n á máa bá sọ̀rọ̀?"

Alága wo ilẹ̀. Ènìyàn rere ni, ìgbìmọ̀ ló rán an níṣẹ́. Ó ní, "Ẹ wá ọmọ," ó sì lọ.

Olùkọ́ àgbà dúró lójú fèrèsé, ó ń wo àwọn ọmọ rẹ̀ ní pápá. Wọ́n ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Ọwọ́ wọn ń fò lókè bí ẹyẹ tí a ju òkò sí àárín wọn. Ó rò ó wò pé bí gbogbo ọwọ́ wọ̀nyẹn bá padà sílé, wọn yóò dákẹ́.

Ilé ẹ̀kọ́ náà ní ojú òpó lórí ayélujára. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ó sì máa ń fi í yangàn. Ó ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún ojú òpó ṣe fún àwọn ènìyàn, ó ní kó wá bá òun wo ìdí tí ẹnikẹ́ni kì í fi í yà síbẹ̀. Oníṣẹ́ ayélujára náà gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó kà á títí, ó gbójú sókè.

"Sà, ta ni ẹ kọ èyí fún?"

"Fún gbogbo ènìyàn."

"Ẹ kí Kábíyèsí."

"Ó yẹ ká kí wọn."

"Ẹ kí bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ kí ìmáàmù àgbà. Ẹ kí ìyálọ́jà. Ẹ kí àwọn tó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, àwọn tó wà láàyè nínú wọn àti àwọn tó ti kú."

"Ṣé kí n gbàgbé òkú ni?"

"Rárá o, sà. Ṣùgbọ́n mo ti kà á dé ibi tí ẹ ti ń kí olórí àwọn awakọ̀, n kò tíì rí ọmọ kan ṣoṣo níbẹ̀."

Olùkọ́ àgbà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Bí a ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ẹni tó bá dìde láti sọ̀rọ̀ láwùjọ, àwọn àgbà ni yóò kọ́kọ́ kí, ní oyè kan tẹ̀lé òmíràn. Kò sọ sí i lọ́kàn rí pé ẹni tó mú fóònù lọ́wọ́ kò jókòó sí àwùjọ kankan. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ẹrù sì wà lórí rẹ̀.

Oníṣẹ́ ayélujára tún bi í pé, "Kí ni ẹ ń pe àwọn ọmọ yín níbí?"

"Ọmọ àkàndá."

"Kí ló dé tí ẹ kò pè wọ́n ní adití?"

"Háà! Ta ló máa ń la irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ òbí lójú? Ó ń dùn wọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yẹ ló yẹ wọ́n."

"Òótọ́ ni, sà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá tẹ̀ sórí fóònù ni ẹ̀rọ àwárí ayélujára máa ń gbé káàkiri, tí yóò fi wá ibi tí irú ọ̀rọ̀ náà wà. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ràn, ṣé 'ọmọ àkàndá' ni yóò tẹ̀?"

Olùkọ́ àgbà ronú.

"N kò mọ ohun tí yóò tẹ̀."

"Èmi náà kò mọ̀ ọ́n, sà. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà."

Ìwà olùkọ́ àgbà yìí ló yẹ kí o kíyè sí. Ẹlòmíràn ìbá bínú. Ìbá ní òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí ẹni tó ń kọ́ òun. Ṣùgbọ́n òun ti di géńdé kí ó tó kọ́ èdè ọwọ́, ó sì rántí bí àwọn ọmọ kéékèèké ṣe ń fi í rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀, èdè onítọ̀hún ni yóò kọ́, kì í ṣe tirẹ̀ ni yóò gbé lé e lórí. Ó ní, "Ó dára. Mò ń lọ kọ́ èdè àwọn òbí."

Ó gba ilé ìwòsàn ìjọba lọ, níbi tí wọ́n ti ń gbé àwọn ọmọ wá fún dókítà etí. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn òbí. Kò polówó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó kàn ń kí wọn, ó ń bi wọ́n pé kí ló gbé wọn wá, lẹ́yìn náà ó ń panu mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ tí dókítà bá wà.

Kò sí ẹni tó dárúkọ àkàndá.

Ìyá kan ní, "Bí mo bá pè é, kì í yíjú."

Bàbá arúgbó kan tó gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀ ní, "Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń bú mi, òun kò tíì sọ nǹkan kan. Wọ́n ní kí n ní sùúrù, pé bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Irọ́ ni. Bàbá rẹ̀ kò dákẹ́ rí láti ọjọ́ tí a ti bí i."

Obìnrin mìíràn ní, "Wọ́n lé e kúrò nílé ìwé. Tíṣà ní olórí kunkun ni."

Abiyamọ kan wà tí ojú ń tì. Ó súnmọ́ olùkọ́ àgbà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, ẹ dákun, ṣé irú wọn máa ń lọ sílé ẹ̀kọ́?"

Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí kò sí ẹni tí kò tẹnu rẹ̀ jáde, yálà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tàbí ní ìparí. Gbogbo wọn ń béèrè ìwòsàn. Ta ló lè bá mi la etí rẹ̀?

Olùkọ́ àgbà padà sílé ẹ̀kọ́. Ó wọ kíláàsì tó ṣófo, ó mú ẹfun ìkọ̀wé, ó kọ gbogbo ohun tó gbọ́ sára pátákó bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, láìfi iyọ̀ sí i. Ó pe oníṣẹ́ ayélujára. Ó sì pe olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Mojírádé. Adití ni Mojírádé fúnra rẹ̀. Òun ni ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà tó padà wá di olùkọ́. Kò gbọ́ ohùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú, ó sì mọ bí a ṣe ń ka ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọ̀rọ̀ tí wọn yóò lò lójú òpó. Ní òkè pátápátá ni olùkọ́ àgbà ti fi ọ̀kan tirẹ̀ kún un: "Ilé ẹ̀kọ́ tó dára jùlọ."

Oníṣẹ́ ayélujára mi orí. "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, sà. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ olówó ló ti kó èjìká jọ síbẹ̀. Bí ẹ bá wọ àárín wọn, wọ́n á tẹ̀ yín mọ́lẹ̀. Ẹ wo èyí tó wà nísàlẹ̀."

"'Bí mo bá pè é, kì í yíjú'?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tó ń tẹ irú èyí kò pọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í ṣe tiyín."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ olùkọ́ àgbà débi pé ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa "tó dára jùlọ" rẹ́. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan yóò ní ojú ewé tirẹ̀, àti pé ọ̀rọ̀ òbí ni yóò wà ní àkọlé, ìdáhùn yóò sì tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀. Wọ́n gbé ìkíni lọ sí ojú ewé ìkẹyìn.

Olùkọ́ àgbà mí kanlẹ̀. "Kábíyèsí á dárí jì wá."

"Àwọn náà á rí ibi jókòó, sà."

Nígbà tó yá, oníṣẹ́ ayélujára yí kọ̀ǹpútà sí wọn. "Ọ̀kan ló kù, òun ló sì pọ̀ jù. 'Ìwòsàn etí dídi.' Bí omi ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sí iwájú ojú òpó yín pé ìwòsàn wà níbí. Kíláàsì yín á kún kí sáà tó wọlé."

"A kì í wo etí sàn."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dé ná. Bí wọ́n bá ti dé, ẹ ó ṣàlàyé."

Olùkọ́ àgbà kọjú sí pátákó. Àwọn ọmọ wà lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló dúró láàárín wọn àti ìparun, ọ̀rọ̀ náà sì wà lórí pátákó, ẹfun sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á rẹ́.

"N kò ní tan abiyamọ wọlé. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ní sí nínú ilé yìí."

Mojírádé gbá tábìlì, pàá! Àwọn méjèèjì yíjú sí i. Ó dìde, ó gba ẹfun lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó tún ọ̀rọ̀ náà kọ síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó wá kọjú sí wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ sọ̀rọ̀.

Oníṣẹ́ ayélujára ń wo ọwọ́, ó ń wo ojú. "Kí ni wọ́n sọ, sà?"

Olùkọ́ àgbà wú ikọ́. "Ó ní kí n má pa á rẹ́."

Mojírádé tún gbá tábìlì. Ó ń wo ẹnu rẹ̀.

"Ó ní… ó ní mo ṣe àṣìṣe."

Ó tún gbá a.

"Ó ní kí n sọ ọ́ bí òun ṣe sọ ọ́. Ó ní àṣìṣe ńlá ni, àti pé ó ya òun lẹ́nu lọ́wọ́ àgbàlagbà bíi tèmi."

Oníṣẹ́ ayélujára bojú wẹ̀yìn kí ẹ̀rín má bàa pa á. "Ṣé ó tán, sà?"

"Ó kù o. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ìyẹn mì."

Ọwọ́ Mojírádé wá rọra. Ohùn olùkọ́ àgbà náà rọra tẹ̀lé e.

"Ó ní ìyá òun wá ìwòsàn fún òun títí. Ó gbé òun gun òkè àdúrà. Ó gbé òun lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń da òróró sétí. Ẹnìkan ní kí wọ́n máa fún òun ní ahọ́n àgbò jẹ… ó ní òun kò lè rí àgbò kí èébì má gbé òun títí di òní."

Ó tún wo ọwọ́ Mojírádé.

"Ó ní ìyá òun kì í ṣe òmùgọ̀. Ìwòsàn ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó mọ̀. Gbogbo ẹni tó sì pàdé lójú ọ̀nà ìwòsàn yẹn, òpùrọ́ ni. Kò pàdé ẹnì kan tó sọ fún un pé ilé ẹ̀kọ́ wà. Òun ti dàgbà kí òun tó ní ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Ó ní àwa tí a mọ òótọ́, bí a bá sá kúrò lójú ọ̀nà náà nítorí pé àwọn òpùrọ́ wà níbẹ̀, ta ni a fi abiyamọ sílẹ̀ fún?"

Olùkọ́ àgbà wo ọmọ tó kọ́ ní ABD, ó dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ọkàn rẹ̀. Ó wá fi ẹnu àti ọwọ́ béèrè lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Kí ni ká wá kọ síbẹ̀?"

Mojírádé na ẹfun sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ní, "Òótọ́."

Ojú ewé tí olùkọ́ àgbà kọ nìyí. Ó fi ìbéèrè àwọn òbí ṣe àkọlé: "Ṣé ìwòsàn wà fún etí ọmọ mi?" Lábẹ́ rẹ̀ ó kọ ọ́ pé: "Ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ yín lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, nítorí àwọn kan wà tí dókítà lè ràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá ti ní kò sí ohun tó kù, àwa kò lè la etí rẹ̀, a kò sì ní purọ́ fún yín. Èdè ni a lè fún un. Yóò sọ ohun tó ń dùn ún fún yín, ẹ̀yin náà yóò sì gbọ́ ọ. Ẹ mú un wá. Adití ni olùkọ́ tí yóò kọ́ ọ."

Oníṣẹ́ ayélujára kà á. "Sà, ta ló máa ń kọ ohun tí kò lè ṣe síta kí gbogbo ayé rí i?"

"Àwa."

Ọkùnrin náà gbé e sórí ayélujára. Nígbà tó ń lọ, ó bọ Mojírádé lọ́wọ́, ó sì ní kí wọ́n kọ́ òun bí àwọn adití ṣe ń sọ pé ẹ ṣeun.

Ọ̀sẹ̀ kọjá, ẹnikẹ́ni kò wá. Ẹ̀rọ àwárí dà bí àgbà ìlú, kì í tètè fọkàn tán àlejò. Alága pè lórí fóònù.

"Ọmọ tuntun ńkọ́?"

"Kò tíì sí, sà."

"Sáà ń bọ̀ o."

"Mo mọ̀, sà."

Àwọn kan gbà á nímọ̀ràn pé kó tún ọ̀rọ̀ tí àwọn òbí ń tẹ̀ kọ léraléra títí ojú ewé yóò fi kún, bóyá ẹ̀rọ yóò rí i. Ó ní òbí ló máa kà á, òbí kì í sì í ṣe ẹ̀rọ. Dípò ìyẹn, ó padà sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn. Bí ó bá gbọ́ ìbéèrè tuntun, ó dá ojú ewé tuntun sílẹ̀ fún un. Bí ó bá gbọ́ pé ìdáhùn kan kò yé ènìyàn, ó tún un ṣe. Ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹ̀rù gba ẹfun lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ kan, ọkùnrin kan wọ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà, ó fa ọmọbìnrin kékeré kan lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ le. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sórí ayélujára pé ẹ kò lè la etí?"

Olùkọ́ àgbà dìde. "Àwa ni."

"Ẹ tún un sọ."

"A kò lè là á, ọ̀gá."

Ọkùnrin náà jókòó sórí àga láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. Ó dà bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. "Gbogbo ibi tí mo ti gbé e dé, wọ́n ní àwọn á là á. Gbogbo wọn pátá. Mo wá wo ojú ẹni tí kò purọ́ fún mi."

Kí olùkọ́ àgbà tó rí èsì fọ̀, wọ́n gbọ́ ẹ̀rín. Ọmọbìnrin náà ti já ọwọ́ gbà, ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo pápá. Níbẹ̀, ọmọkùnrin kan ń sín ìrìn ẹnì kejì rẹ̀ jẹ, ó yọ ìdí sẹ́yìn, ó gbọ́n ọwọ́ bí ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ. Ẹnì kejì ń fi ọwọ́ fèsì tìbínú-tìbínú.

"Ó ń rẹ́rìn-ín," bàbá rẹ̀ wí. "Kí ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ yẹn?"

Ojú ti olùkọ́ àgbà díẹ̀. "Èébú ni, ọ̀gá. Wọ́n ń bú ara wọn."

"Èébú?"

"Ẹ má bínú. A ó bá wọn wí."

"Ẹ má bá wọn wí o!" Ọkùnrin náà ti dìde, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ kọ́ ọ. Ẹ kọ́ ọmọ mi. Kó bú mi bó bá wù ú."

Ọmọ yẹn ni àkọ́kọ́. Ìyá kan tẹ̀lé e, tó ti ojú ewé "kì í yíjú" wọlé. Òmíràn wá láti ìlú tí ẹnikẹ́ni nílé ẹ̀kọ́ náà kò dé rí. Ibi "olórí kunkun" ló ti rí wọn. Púpọ̀ jù nínú wọn ni ó gba ojú ọ̀nà ìwòsàn wá. Àwọn kan ka òótọ́ tán, wọ́n kọjá lọ. Àwọn tó yà wọlé kò padà. Nígbà tí sáà wọlé tí alága wá wo kíláàsì àwọn ọmọ tuntun, kò sí àga tó ṣófo tí yóò fi jókòó. Ó dúró sẹ́yìn títí ẹ̀kọ́ fi parí. Kò sọ̀rọ̀ títì pa mọ́.

Nítorí náà, ìwọ tí o jókòó tì mí yìí, tí o fẹ́ gbé iṣẹ́ rẹ sórí ayélujára kí ayé lè rí ọ, gbọ́ ohun tí àkàwé yìí ń bá ọ sọ. Má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ rẹ. Ẹni tó nílò rẹ kò mọ orúkọ rẹ, ìṣòro rẹ̀ nìkan ló mọ̀, òun náà ni yóò sì tẹ̀. Lọ jókòó tì í kí o tó kọ̀wé sí i. Fi ọ̀rọ̀ tí ogunlọ́gọ̀ ń dù sílẹ̀ fún àwọn tó ní èjìká. Mú èyí tí àwọn ènìyàn tìrẹ ń sọ, bó ti wù kí wọ́n kéré mọ. Bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń wá ọ bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn òpùrọ́ ti gbà, má sá fún un, má sì bá wọn purọ́. Dúró síbẹ̀. Abiyamọ kan ń bọ̀ lójú ọ̀nà náà, ó sì yẹ kó pàdé ẹnì kan tó máa sọ òótọ́ fún un.